Tàdáwà kì í ṣe àlejò: èsì mi lórí orúkọ tí a fẹ́ fún káàdì àfọwọ́ṣe

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín láti Kúbwà ní Àbújá, níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ láti àná tí ètè gbogbo wa fi ń là. Mo ka ìwé tí Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìlọrin kọ lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì kà á kí n tó jókòó fèsì, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n ní kí á máa fi "àdàlù ohun-èlò" pe iṣẹ́ káàdì tí a fi páálí, aṣọ, okùn àti oríṣiríṣi àwọ̀ ṣe. Wọ́n ní kí á pa "tàdáwà" tì nítorí pé Haúsá ló ni ín, kí "omi-ìkọ̀wé" gba ipò rẹ̀. Wọ́n tún ní "ìfọwọ́kàn" ni kí á máa pe bí ojú páálí ṣe rí ṣákiṣàki tàbí jọ̀lọ̀. Àbúrò wa kan wá fi kún un pé àrókò ni gbogbo káàdì báyìí, pé kí la tún ń wá kiri.

Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe. Mo ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, ti ìsọmọlórúkọ àti àwọn pélébé kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀bùn, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Yorùbá ni wọ́n ń gbọ́ nílé, Haúsá ni wọ́n fi ń ṣeré ní àdúgbò, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá wọn sọ níléèwé. Ohun tí mo fi ń wọn orúkọ kò le: bí mo bá ní kí ọmọ kan bá mi mú nǹkan wá, ṣé orúkọ tí mo pè yóò jẹ́ kí ó dìde lọ mú un, àbí yóò dúró máa wo ẹnu mi?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí tàdáwà, nítorí ibẹ̀ ló dùn mí jù. Òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Tawada tàbí tadawa ni wọ́n ń pè é, àwọn náà sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá, tí wọ́n ń pe ìgò tí a ń rọ ọ́ sí ní dawat. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó ti dé láàrin wa. Ọmọ ilé kéú ti ń fi kálámù kọ ọ́ sára wàláà, pátákó ìkọ̀wé wọn, kí ilé ìwé òyìnbó tó dé ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ sì ń túmọ̀ Bíbélì, tàdáwà náà ni wọ́n lò nínú Jeremáyà 36:18, níbi tí Bárúkù ti sọ bí òun ṣe kọ ọ̀rọ̀ wòlíì sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ tí alfa ń lò tí àlùfáà ń lò, ilé ta ni a fẹ́ dá a padà sí? Bí ó bá jẹ́ pé a ó máa ṣa ohun tó ti ọ̀dọ̀ Haúsá àti Lárúbáwá wá dànù, àlùbọ́sà ńkọ́? Wákàtí ńkọ́? Sùúrù àti àlàáfíà tí a fi ń ṣàdúrà fún ara wa ńkọ́? Àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé páálí pàápàá, ọ̀nà kan náà ló gbà wọlé.

Ìdí kejì wà, òun ló sì lágbára jù lójú mi. Sabon Gari ní Kánò ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Èédú ìdí ìkòkò ni alfa wa fi ń ṣe tàdáwà, wọ́n á fi oje igi tí àwọn Haúsá ń pè ní karo pò ó kí ó lè di ara rẹ̀ mú. Tí a bá ti ka ohun tó wà lójú wàláà tán, omi la ó fi fọ̀ ọ́, pátákó á tún mọ́ tónítóní fún ẹ̀kọ́ mìíràn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n á fi ohun tí a fọ̀ náà ṣe hàǹtú fún aláìsàn mu. Ohun tí àwa oníkáàdì ń fẹ́ lára tàdáwà gan-an nìyẹn: kí omi lè gbé e, kí ó ṣí kúrò níbi tí a bá kán omi sí, kí ó sì ṣàn lọ síbi tí a kò fi ọwọ́ dé. Omi-ìkọ̀wé kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. A kì í tilẹ̀ fi púpọ̀ nínú rẹ̀ kọ̀wé. A ń fi í lu òǹtẹ̀, a ń fi fóòmù pa á sára páálí, a ń wọ́n ọn bí ẹni wọ́n ilẹ̀. Òmíràn kò ní omi nínú rárá, sìpíríìtì ni wọ́n fi pò ó, orí ohun dídán bíi ike ló ti ń sáré káàkiri. Orúkọ tó bá so nǹkan mọ́ ìwé kíkọ nìkan ti ṣi ọmọ lọ́nà kí ó tó ṣí ìgò.

Níbi tí mo ti nílò orúkọ tuntun nítòótọ́ ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin tàdáwà méjì tó gbajúmọ̀ jù. Ọ̀kan máa ń wọ inú páálí, ó máa ń tètè gbẹ. Èkejì kì í wọlé, òkè ni ó ń jókòó sí, ó sì ń pẹ́ kí ó tó gbẹ. Nítorí náà ni a ṣe lè bu lẹ́búlẹ́bú lé e, tí a ó gbọn èyí tí kò lẹ̀ dànù, tí a ó wá fi ẹ̀rọ olóoru yọ́ ìyókù títí yóò fi dán, tí yóò sì yọ gọngọ. Ọmọ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò fi iṣẹ́ odidi ọ̀sán ṣòfò. Mo rò ó títí kí n tó rí i pé èdè wa ti ya wọ́n sọ́tọ̀ tipẹ́. Aró ni à ń rẹ, ọ̀dà ni à ń kùn. Kò sẹ́ni tó ń kun aṣọ láró, kò sì sẹ́ni tó ń rẹ ògiri lọ́dà. Ohun tó bá ń wọlé, aró ni. Ohun tó bá dúró sí òkè, ọ̀dà ni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pe ọ̀kan ní tàdáwà aró, tí mo ń pe èkejì ní tàdáwà ọ̀dà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, ọmọkùnrin kan gbé ìgò lẹ́búlẹ́bú dání, ó bi mí pé, "Àǹtí, tí ó bá jẹ́ ti aró ni mo fi lu òǹtẹ̀ yìí, kí ni eléyìí máa wá lẹ̀ mọ́?" Mi ò tíì kọ́ ọ nípa rẹ̀. Orúkọ ló kọ́ ọ.

(Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é ní òkè ọya: nígbà ọyẹ́, tàdáwà ọ̀dà náà máa ń gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣí lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀ kí ẹ tó gbé òǹtẹ̀. Ẹ má sì fi ọwọ́ tútù di àjákù aṣọ aró Kofar Mata, ibi ìrẹ aró ní Kánò, mú, nítorí aró rẹ̀ yóò kó sára páálí funfun yín.)

Ó kan àdàlù. Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ohun tí ẹ ń wò tí ẹ fi mú un wá. Àmọ́ ẹ bi ìyá tó ń ta epo pupa ní ọjà Wúsé bóyá àdàlù ni epo tirẹ̀, kí ẹ wo bí ojú rẹ̀ yóò ṣe le. Ohun tí a bá dà lu ara wọn, ọ̀kan ti sọnù sínú èkejì, a sì máa ń fura sí ẹni tó dà á. Ẹnì kan lè ní oúnjẹ àdàlú ńkọ́, ṣebí ẹ̀wà àti àgbàdo ṣì ń hàn nínú rẹ̀? Ó ń hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà ti gba orúkọ yẹn tán. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ, abọ́ ni yóò lọ mú wá. Nínú káàdì tí à ń wí, ẹwà rẹ̀ ni pé kò sí ohun tó sọnù: aṣọ òkè ṣì ń jẹ́ aṣọ òkè, ìwé ìròyìn ṣì ṣeé kà, okùn ìko ṣì ń gún ni lọ́wọ́. Mo kọ́kọ́ fẹ́ "àlẹ̀pọ̀", nítorí lílẹ̀ ni ọwọ́ ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Faransé ṣe, inú coller, tó túmọ̀ sí kí a lẹ nǹkan, ni wọ́n ti yọ collage. Mo ṣì fara mọ́ àlẹ̀pọ̀ fún iṣẹ́ tó jẹ́ pé gọ́ọ̀mù nìkan ló so ó pọ̀. Tí a bá wá fi abẹ́rẹ́ rán nǹkan mọ́ ọn, tí a so owó ẹyọ mọ́ ọn, tí a kun ọ̀dà sí i, àlẹ̀pọ̀ kò gbà á mọ́. Èyí ni mo ṣe ń pè é ní káàdì ọlọ́pọ̀ èlò. Orúkọ náà kò dùn létí bí ìlù, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ó ń sọ.

Èyí tó mú mi jókòó jù ni ìfọwọ́kàn. Ìfọwọ́kàn jẹ́ ohun tí ọwọ́ ṣe. Kì í ṣe ohun tí páálí ní. Bí mo bá fọwọ́ kan iná, ìfọwọ́kàn jẹ́ tèmi, gbígbóná jẹ́ ti iná. Òyìnbó ní orúkọ kan ṣoṣo, texture, tó bo gbogbo bí nǹkan ṣe lè rí lábẹ́ ìka. Àwa kò ní irú rẹ̀, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ó máa tì wá lójú. Ohun tí a ní ni jọ̀lọ̀, ṣákiṣàki, gbágungbàgun, kúnná, yi, tí ẹni tó dijú sílẹ̀ lè gbọ́ kí ó sì mọ èyí tí à ń wí láàrin páálí márùn-ún. Mo ti dán an wò. Mo di ojú àwọn ọmọ, mo ní, "Ẹ mú èyí tó rí gbágungbàgun fún mi," kò sí èyí tó ṣì í.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn owó ogún náírà. Ladi Kwali ni obìnrin tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀, ọmọ Kwali tó wà ní agbègbè olú-ìlú wa yìí, tó wọ ilé ìkọ́ṣẹ́ amọ̀ ní 1954 ní Suleja, nígbà tí Suleja ṣì ń jẹ́ Abuja. Ó máa ń ya aláǹgbá, àkekèé àti ọ̀nì sára ìkòkò rẹ̀, kì í sì í ṣe pé ó kun wọ́n sí i: ó gbẹ́ wọn wọlé ni. Fífín ni Yorùbá ń pe ìyẹn. Àwọn onígbá ní Ọ̀yọ́ ń fín igbá, ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu wọn di òní. Nítorí náà, páálí tí a tẹ nǹkan wọ̀ lára, ojú rẹ̀ jẹ́ ojú fínfín. Èyí tí nǹkan ta sókè lára rẹ̀, mo ń pè é ní ojú àyọgọngọ. Ojú ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ méjèèjì, bí a ṣe ń sọ pé ojú aṣọ, ojú ilà, ojú ọgbẹ́. Kìkì pé "ojú ìwé" ti ní iṣẹ́ mìíràn, nítorí náà "ojú páálí" ni kí á máa wí. Bí olùkọ́ bá sì ṣe tán láti ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀, mo mú "ìrílọ́wọ́" wá, láti ara bí nǹkan ṣe rí lọ́wọ́ ẹni. Àbùkù rẹ̀ hàn sí mi: ẹlòmíràn lè rò pé ohun tí ènìyàn rí gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn là ń sọ.

Àwọn ìyókù kò gba àríyànjiyàn. Òǹtẹ̀ ti wà. Bátànì ti wà, ọ̀dọ̀ àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta ni, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń gé e lára páànù tí wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ láfún gba inú rẹ̀ kọjá sára aṣọ. Ohun tó ki tí àwa náà ń fi gba inú bátànì kọjá, ẹ jẹ́ ká pè é ní ẹ̀kọ bátànì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwọn ni wọ́n á fọ̀ dànù, tiwa ni yóò gbẹ síbẹ̀. Èyí funfun tí a ń kọ́kọ́ fi pa ojú páálí kí ó má baà mu tàdáwà jù, gesso ni àwọn ará Ítálì ń pè é, ẹfun ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè wọn. Àwa náà kúkú ní ẹfun.

Pélébé tí a ń so mọ́ ẹ̀bùn, ọ̀pọ̀ yín fẹ́ àsomọ́. Fáìlì tí a so mọ́ lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti gba ìyẹn, eléyìí sì ń mì dirodiro, kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Àsorọ̀ ló yẹ ẹ́. Ihò tí okùn ń gbà kọjá, ojú àsorọ̀ ni, bí a ṣe ní ojú abẹ́rẹ́.

Àbúrò mi tó ní àrókò ni gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára, síbẹ̀ mi ò gbà. Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, àwọn ẹbí ìyàwó kan ní Gwarinpa ní kí n bá wọn ṣe káàdì àti àsorọ̀ fún ẹrù ìdána. Mo fi okùn ìko so owó ẹyọ mẹ́fà mẹ́fà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé ọ̀kan fún ìyá àgbà tó tẹ̀ lé ẹbí ọkọ wá. Ìyá kò ṣí káàdì. Wọ́n fi àtàǹpàkò ka owó ẹyọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Ẹ̀fà. Wọ́n ní àwọn fà mọ́ wa." Lẹ́yìn náà ni ọmọ ọmọ wọn wá ka ohun tí a kọ sínú rẹ̀ sí wọn létí. Owó ẹyọ ni àrókò níbẹ̀. Páálí tó gbé e dání, káàdì ni. Bí a bá fi àrókò pe èyí tí kò ní ohun kan tó ń sọ̀rọ̀ lára rẹ̀, kí ni a ó wá pe ohun tí ìyá kà yẹn?

Ní Sátidé yìí, mo fẹ́ kọ orúkọ sára àwọn àpótí kékeré tí àwọn ọmọ ń mú nǹkan nínú wọn: tàdáwà aró, tàdáwà ọ̀dà, tàdáwà onísìpíríìtì, ẹfun, ẹ̀kọ bátànì, òǹtẹ̀, ìko. Orí pátákó tí mo lẹ àwọn àpẹẹrẹ ojú páálí mọ́, ibẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju ìrílọ́wọ́ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣú.