Ìdánimọ̀ iris nígbà tí àwòrán ò dáa: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Nǹkan kan ló ń dà mí láàmú.

Mò ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi iris, ìyẹn òrùka aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká, dá èèyàn mọ̀. Ọ̀nà John Daugman, onímọ̀ tó ṣàgbékalẹ̀ ìdánimọ̀ iris, ni mo tẹ̀ lé: kí n sọ iris di kóòdù bit 2,048 (òdo àti ení), kí n sì fi Hamming distance, ìyẹn ìdá àwọn bit tó yàtọ̀ síra, wé méjì pọ̀. Bí ẹni náà bá dúró jẹ́ẹ́ níwájú kámẹ́rà infrared (tó ń lo ìmọ́lẹ̀ tójú ò rí), kò síṣòro. Àmọ́ bó bá ń rìn, tó wo ẹ̀gbẹ́, tàbí tó wọ awò ojú, gbogbo ẹ̀ a dàrú.

Lánàá ni mo tú àwòrán kan wò fínnífínní. Òjìji irun ìpéǹpéjú ni ètò náà pè ní etí iris! Ó ti ka awọ ìpéǹpéjú mọ́ kóòdù. Ojú kan náà, àwòrán méjì, 0.41 ló jáde, bẹ́ẹ̀ 0.32 ni ààlà mi: tó bá kọjá ẹ̀, ètò á ní kì í ṣe ojú kan náà. Mi ò fẹ́ sún ààlà yẹn sókè rárá, torí nǹkan bí 0.5 ni ojú ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa ń fún wa. Béèyàn bá sún un sókè jù, ẹlòmíì á gba ibẹ̀ wọlé.

Kámẹ́rà lásán náà ò gbà mí: melanin, èròjà tó ń mú ojú dúdú, ń gbé ìmọ́lẹ̀ tójú ń rí mì, iṣẹ́ ọnà ara iris ò sì hàn.

Ṣé kí n kọ́kọ́ kọ́ U-Net (ètò AI tó ń ya apá kan àwòrán sọ́tọ̀) láti gé iris jáde ni, àbí kí n máa ya àwòrán púpọ̀, kí n da èyí tó bàìbàì nù kí n tó ṣe kóòdù? Èwo lẹ ti dán wò tó ṣiṣẹ́?