Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ oníkọ̀ǹpútà láyé ijọ́un, ẹ wá sọ tẹnu yín

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mò ń palẹ̀ yàrá bàbá mi mọ́, mo bá rí páálí bàtà kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: kàyé owó ẹgbẹ́ tí ikán ti jẹ ẹ̀yìn ẹ̀, àti dìskẹ́ẹ̀tì 19, àwọn pẹlẹbẹ tá a fi ń tọ́jú fáìlì kọ̀ǹpútà nígbà yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, kí lẹ rántí? Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ẹ̀ tó run.

Ará Kétu: Kọ̀ǹpútà kan, èèyàn 14. Èmi ni mo máa ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ kó má baà gbóná. Oṣù mẹ́ta gbáko, mi ò fọwọ́ kan bọ́tìnì.

Tántí Dáktílò: Irọ́ lo pa, oṣù kan ni. Èmi ni mò ń tẹ ìwé ìpàdé, torí àwọn ọkùnrin yẹn, ìka kan ni wọ́n fi ń wá lẹ́tà kiri bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Ọjọ́ kan oníbàárà kan wọlé tòun tẹkún, ìyá ẹ̀ kú, ó ń wá káàdì ìsìnkú kílẹ̀ tó mọ́, kò sí dìskẹ́ẹ̀tì tó ṣófo, kò sówó tá a máa fi ra òmíì, alága ní kí n nu ọ̀kan. Mo nu ún. Ìwé ìpàdé àkọ́kọ́ látòkèdélẹ̀ ló bá a lọ.

Ọmọ Sábẹ: Yéè!

Kòsọ́nà: Tántí, ẹ jọ̀ọ́, dìskẹ́ẹ̀tì kan ń gba 1.44 MB. Ibo ni ìwé ìpàdé ti máa kún un? Ṣebí káàdì á gbàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Tántí Dáktílò: Ẹ̀rọ tiwa tó ń tẹ̀wé jáde ti kú, ọmọ olókùú fẹ́ gbé e lọ sí Kútọnu lọ tẹ̀ ẹ́. Ṣé kí n wá kó ìjà wa fún àjèjì gbé dání ni?

Ọmọ Sábẹ: Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi íméèlì ránṣẹ́?

Ará Kétu: Àbúrò mi, ọdún 1995 tí ìpàdé Francophonie, ti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, ṣe ní Kútọnu ni Bẹ̀nẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Tiwa ò tíì dé. Dìskẹ́ẹ̀tì lápò ṣòkòtò, lórí ọ̀kadà, ìyẹn ni íméèlì wa.

Kòsọ́nà: Ìjà wo lẹ tiẹ̀ ń jà?

Ará Kétu: Ìjà ɛ àti ẹ, èwo la máa fi kọ Yorùbá! Azerty, bọ́tìnì ìtẹ̀wé àwọn Faransé, ò ní ìkankan nínú méjèèjì. Tó bá jáde tán, bíìkì la fi ń to àmì sábẹ́ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kòsọ́nà: ɛ ni ti Bẹ̀nẹ̀. Kí la tún ń jà sí?

Ọmọ Sábẹ: Lọ sọ ọ́ fún ìyá mi àgbà tó ń fi ẹ ka Bíbélì ní Sábẹ láti kékeré.

Tántí Dáktílò: Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ìpàdé méjì la fi jà á, ẹ tún fẹ́ fi ìkẹta kún un.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná. Mo ti yá ẹ̀rọ tó ń kà á, mo fẹ́ ti àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́ báyìí.

Kòsọ́nà: MÁ TÌ Í O! Kọ́kọ́ fa irin ẹnu ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó o wonú. Tó bá funfun bíi búrẹ́dì tó ti bu, á ba orí ẹ̀rọ jẹ́, á sì ran àwọn tó kù. Èyí tó bá mọ́, ti bọ́tìnì tíńtín tó wà ní igun ẹ̀ kí ihò ibẹ̀ là, ẹ̀rọ ò ní lè kọ nǹkan lé e mọ́. Lẹ́yìn náà kó o da gbogbo ẹ̀ kọ lódindi kó o tó ṣí fáìlì kankan.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ó ṣeun. Mẹ́fà ló funfun, mo ti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọmọ Sábẹ: Kàyé yẹn ńkọ́? Ṣebí Àjàṣẹ́ níbẹ̀ ni Archives Nationales, ilé tíjọba ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí, wà, gbé e lọ.

Tántí Dáktílò: Kàyé gbèsè? Kí wọ́n wá ka orúkọ wa níbẹ̀?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ó kúkú ṣeé kà ju dìskẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹ̀gbọ́n Ará Kétu, ẹ jẹ ẹgbẹ́ ní owó oṣù mẹ́rin.

Ará Kétu: Ikán yẹn ò mọṣẹ́ rárá.