Ṣé òótọ́ ni pé àjàrà ń so nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Ìgò kan wà nílé wa ní Lágeré

Àbẹ̀kẹ́ Lágeré:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi máa pé àádọ́rin ọdún lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ilé níbí ní Ilé-Ifẹ̀ la ó ti ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Brighton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìgò wáìnì kan rán èèyàn sí wa. Ìgò náà wúwo gan-an, ìdí rẹ̀ wọnú lọ, wáyà ni wọ́n fi so ìdérí rẹ̀, wọ́n sì kọ Sussex, orúkọ agbègbè tí Brighton wà, gàdàgbà sí i lára. Ẹ̀gbọ́n mi ní oko tí wọ́n ti ṣe é kò jìnnà sí ilé òun rárá.

Àná ni ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Ọ̀rẹ́ Dádì mi kan, bàbá àgbà tó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù láyé ọjọ́un, ní irọ́ ni. Wọ́n ní gbogbo ọdún mẹ́rin tí àwọn fi gbé ibẹ̀, òjò àti òtútù ni, pé ibo ni àjàrà ti máa rí oòrùn tí yóò fi pọ́n? Wọ́n ní wáìnì àwọn Faransé ni wọ́n ń rọ sígò, tí wọ́n wá ń lẹ bébà tiwọn mọ́ ọn. Màmá ò fèsì, ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn. Gbogbo ẹni tó bá wọlé láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń fi ìgò náà hàn.

Ohun tó ń já mi láyà ni pé lọ́dún tó kọjá, mo ra ọtí kan ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n kọ "British wine" sí i, ẹni tó tà á fún mi sì búra pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é. Omi ṣúgà lásán ni. Màmá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé e sílẹ̀. N kò fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú àlejò. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń ṣe é? Àwọn wo ló ń ṣe é? Ṣé mo sì lè kì í bọ inú fíríìsà láti àárọ̀?

Kọ́lá Mayfair:

Àǹtí, ojú ọjọ́ ló yí padà. Oòrùn ti ń mú níbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí bàbá yẹn rí nígbà tiwọn, wọ́n rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ayé ìgbà yẹn ti lọ.

Ọmọ Adẹ́mu Ìwàrà:

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ọwọ́ mi yìí ni mo fi já àjàrà náà. Ìkórè mẹ́ta ni mo bá wọn ṣe ní Sussex kí n tó padà sílé sí Iléṣà. Adẹ́mu ni bàbá mi ní Ìwàrà, orí ọ̀pẹ ni wọ́n ti rí owó ilé-ìwé wa, nítorí náà n kì í fi ọ̀rọ̀ ọtí tó ti ara igi jáde ṣeré. Ẹ sọ fún Màmá pé ìgò wọn kì í ṣe irọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti "British wine" kúrò nílẹ̀. Ní òfin ibẹ̀, "English wine" ni èyí tí wọ́n fi àjàrà tútù tó so nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe. "British wine" ni èyí tí wọ́n fi omi àjàrà kíki, tí wọ́n kó wọlé láti ilẹ̀ mìíràn, pò níbẹ̀. Orúkọ wọn fẹ́ẹ̀ jọ, ṣùgbọ́n wọ́n jìnnà síra bí ẹmu àárọ̀ ṣe jìnnà sí èyí tí wọ́n fi omi àti ṣúgà lú. Ó ń dùn mí pé wọ́n jẹ́ kí orúkọ méjèèjì jọ bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó ń fi ọkàn ṣe iṣẹ́ yìí ló ń jìyà rẹ̀. Ti Sussex tiyín yàtọ̀. Láti 2022 ni òfin ti ń ṣọ́ orúkọ Sussex lára wáìnì, bí ó ṣe ń ṣọ́ orúkọ Champagne, agbègbè tí wọ́n ti ń ṣe ṣanpéènì ní ilẹ̀ Faransé.

Ní ti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́. Àwọn ará Róòmù gbin àjàrà níbẹ̀. Wọ́n ti hú ojú oko wọn kan jáde ní Wollaston. Nígbà tí Ọba William ní kí wọ́n ka gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ náà sínú ìwé ní 1086, ọgbà àjàrà tó wọ inú ìwé náà lé ní 40. Àwọn mọ́ǹkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn Kristi tó ń gbé pọ̀ láìní aya, gbin púpọ̀ nínú ilé ìjọsìn wọn. Ohun tó wá mú un rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Ní 1152, Eleanor ti Aquitaine fẹ́ Henry tó di ọba Gẹ̀ẹ́sì, ìlú Bordeaux tó wà ní Faransé sì bọ́ sọ́wọ́ wọn. Wáìnì wá ń fi ọkọ̀ ojú omi wọlé, ó pọ̀, kò wọ́n. Ta ló máa tún máa bá òtútù jà nítorí àjàrà? Nígbà tí Henry Kẹjọ wá ti ilé àwọn mọ́ǹkì pa, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù.

Ẹ wá gbé ìgò yẹn dání kí ẹ ka èyí, torí ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ní 1615, ọba wọn fòfin de fífi igi dá iná ìléru àwọn tó ń ṣe gíláàsì, torí wọ́n nílò igi fún ọkọ̀ ojú omi. Àwọn yẹn yí sí èédú inú ilẹ̀, iná èédú gbóná ju ti igi lọ, ìgò wọn sì yi ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ní 1662, dókítà kan tó ń jẹ́ Christopher Merret ka ìwé kan fún Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, pé àwọn oníwáìnì ń fi ṣúgà sínú wáìnì kí ó lè máa ru. Òótọ́ ni pé wáìnì tí wọ́n kó wọ̀lú ni wọ́n ń fi ṣúgà sí. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 1668, ni Dom Pérignon, tí gbogbo èèyàn ń pè ní baba ṣanpéènì, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé mọ́ǹkì tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ìgò tí kò bá yi, ọtí tó ń ru máa fọ́ ọ ni. Ìdí nìyẹn tí ti Màmá fi wúwo lọ́wọ́ yín.

Kọ́lá, ohun tó o sọ nípa oòrùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn nìkan kọ́. Ajagun-fẹ̀yìntì kan, Sir Guy Salisbury-Jones, gbin àjàrà sí Hambledon ní Hampshire ní 1952, wọ́n sì ka tirẹ̀ sí ọgbà àkọ́kọ́ tó tún wáìnì Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde fún títà láyé òde òní. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Irú àjàrà tí wọ́n mú jáde ní Jámánì fún ilẹ̀ òtútù ni ọ̀pọ̀ wọn wá ń gbìn, bíi Müller-Thurgau, wáìnì rẹ̀ sì máa ń ṣàn lẹ́nu bí omi. Tí bàbá yẹn bá tọ́ èyíkéyìí wò nígbà náà, n kò bá wọn jà.

Àwọn àlejò ló yí i padà. Tọkọtaya kan láti Chicago, Stuart àti Sandy Moss, ra ilẹ̀ Nyetimber ní Sussex, wọ́n sì gbin Chardonnay, Pinot Noir àti Pinot Meunier síbẹ̀ láti 1988, irú àjàrà mẹ́ta tí wọ́n fi ń ṣe ṣanpéènì gan-an.  Ilẹ̀ ibi púpọ̀ ní Sussex, títí kan oko tí mo ti ṣiṣẹ́, ilẹ̀ ẹfun ni. Tí òjò bá rọ̀, bàtà mi á funfun dé ọrùn ẹsẹ̀, bí ẹni gba ojúbọ Ọbàtálá kọjá. Irú ẹfun yẹn kan náà ló gba abẹ́ òkun lọ títí dé Champagne. Ó ń jẹ́ kí omi tó pọ̀ jù ṣàn lọ, ó sì ń fi díẹ̀ pamọ́ fún gbòǹgbò. Ní 2010, wáìnì Ridgeview ti Sussex gba ipò kìíní láàárín àwọn wáìnì tó ń ru, níbi ìdíje àgbáyé ìwé ìròyìn Decanter, ti Champagne wà níbẹ̀. Ní 2015, ilé Taittinger ti Champagne fúnra wọn wá ra ilẹ̀ sí Kent. Ọgbà àjàrà tó wà ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí lé ní 1,000.

Ẹ má rò pé ó rọrùn o. Oṣù kẹrin ni ẹ̀rù máa ń bà wọ́n jù, nígbà tí ọ̀mùnú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí kò ju orí ìka lọ, tí ìrì dídì bá wá bọ́ lóru. Wọ́n jí mi ní aago méjì òru kan. Àbẹ́là ńláńlá wà nínú agolo láàárín poro, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, a sì ń tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá dúró lókè, ẹ ó rò pé ọjà alẹ́ ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àbẹ́là kò dé ti dúdú, bí ìgbà tí iná jó o. Ọ̀gá oko náà, obìnrin, ń fọwọ́ kan ọ̀mùnú kọ̀ọ̀kan, kò sọ̀rọ̀ kankan. Ní 2012, ojú ọjọ́ burú débi pé Nyetimber kò ṣe wáìnì kankan lọ́dún náà.

Ti fíríìsà: ẹ má dán an wò! Agbára atẹ́gùn tó wà nínú ìgò yẹn ju ìlọ́po méjì ti táyà mọ́tò lọ. Fíríìjì lásán, wákàtí mẹ́rin. Tí kò bá sí iná, bàsíà omi pẹ̀lú yìnyín, ìdajì wákàtí ti tó.

Ìyá Bísí Ìsọ̀kùn:

Ọmọ Ọwá, ẹ ṣeun. Báwo ni wọ́n ṣe ń mú kí ó máa ru? Ṣé a ò lè ṣe ẹmu tiwa bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Adẹ́mu Ìwàrà:

Màmá, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe é tán bíi wáìnì lásán. Wọ́n á wá rọ ọ́ sígò pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀ àti ìwúkàrà, wọ́n á dé e pa. Á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ru, atẹ́gùn rẹ̀ ò sì ríbi gbà jáde. Ó lè lo ọdún méjì, mẹ́ta, nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà wọ́n á máa dorí rẹ̀ kodò díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á fi rọ̀ sí ọrùn ìgò. Wọ́n á wá ki ọrùn yẹn bọ ohun tó tutù gan-an, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á dì. Bí wọ́n bá ti ṣí i, póò! Ohun kékeré kan bí ìka ọmọdé á fò jáde, èyí tó kù á mọ́ gaara bí omi òjò.

Ẹmu tiwa kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Inú akèrègbè lórí ọ̀pẹ ló ti ń ru, kí ó tó di ọjọ́ kejì ó ti kan. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ, NIFOR, ní Benin ti ń fi ooru pa ohun tó ń mú un ru kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò, ìyẹn máa ń pẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í gbọ́ òórùn àárọ̀ nínú rẹ̀ mọ́.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn nígbà tí mo wà ní Sussex ni ìwé tí wọ́n ń kọ. Poro wo ni a já, ọjọ́ wo, irú wo. Bàbá mi mọ ọ̀pẹ wọn níkọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ èyí tó ń dùn lẹ́yìn òjò. Ẹmu wọn ń lọ sí Iléṣà, ó ń lọ sí Ifẹ̀, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn ní ẹnu ọ̀nà ọjà. Kò sí ẹni tó mu ún tó mọ̀ pé Ìwàrà ló ti wá.

Àbẹ̀kẹ́ Lágeré:

Mo ti dé o, a ti ṣe é tán. Wọ́n mú iná lọ ní aago mọ́kànlá, bàsíà àti yìnyín ló gbà wá. Mo ka gbogbo àlàyé yín fún ọ̀rẹ́ Dádì mi, wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n ní kí n tún ka ibi ti ìgò àti èédú. Ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa, olórìṣà Ọbàtálá tí kì í fẹnu kan ẹmu, béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ọ̀pẹ wà nínú rẹ̀. Mo fi àwòrán àjàrà hàn wọ́n lórí fóònù, wọ́n gba díẹ̀, wọ́n ní ó ń ta ahọ́n. Màmá mu tiwọn tán. Wọ́n ti fọ ìgò náà, ó wà lórí tábìlì tẹlifíṣọ̀n, bébà Sussex ló kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ Adẹ́mu, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ bàbá yín? Màmá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹmu wọn ni àwọn ń rà nígbà tí àwọn ń tajà ní Ìlódè.

Ọmọ Adẹ́mu Ìwàrà:

Àǹtí, mò ń pè yín báyìí. Àárọ̀ ọjọ́ ọjà ni wọ́n máa ń gbé e wá sí Ìlódè, nínú akèrègbè tí wọ́n fi ewé kókò dí lẹ́nu. Ẹ bi Màmá bóyá wọ́n rántí ewé kókò yẹn.