Sípíkà ọkọ̀ mi ń hu tí mo bá ti tẹná: ṣé áńpù ni àbí wáyà?

Àkànní_Ìbàdàn:
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkọ̀ yìí. Corolla 2005 ni, tòkunbọ̀, rédíò tó bá a dé ò wù mí rárá, mo wá ní kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n fi Android olójú ńlá sí i, mo ra sípíkà mẹ́rin sí ilẹ̀kùn, áńpù kan fáwọn yẹn, òmíràn fún wúfà inch 12 tó wà ní búùtù. Ọmọkùnrin kan ní Gate ló so gbogbo ẹ̀, ó gbowó ẹ̀, ó kí mi kú oríire, mo wa mọ́tò lọ. Kí n tó dé Ìwó Road ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é.

Tí íńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ohùn kan á máa dún wíìììì nínú sípíkà, tí mo bá tẹná á ròkè, tí mo bá gbẹ́sẹ̀ á wálẹ̀. Tó bá tún dalẹ́, gbogbo ìgbà tí wúfà bá ti sọ̀ gbìì báyìí niná iwájú ọkọ̀ ń ṣẹ́jú. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé fújì tí mo torí ẹ̀ náwó, mi ò gbọ́ ohun tí gángan ń sọ mọ́, gbogbo ẹ̀ kàn ń dún gbúù-gbúù bí ẹni ń gúnyán nílé kejì. Ọmọkùnrin yẹn ní kí n ra capacitor, tí ò bá ṣiṣẹ́ kí n pààrọ̀ áńpù. Ìyàwó mi sì ti ní òun ò fẹ́ gbọ́ rédíò lẹ́nu mi mọ́ títí oṣù á fi parí. Kí ni kí n ṣe?

TópéBass:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra capacitor 1 farad jàre, iná yẹn ò ní ṣẹ́jú mọ́. Ó wà nínú ọkọ̀ tèmi, ó ń tàn búlúù lálẹ́, ó fíìn gan-an.

Rìwáyà_Múṣin:
Tópé, ó lè fíìn o, àmọ́ capacitor kì í pèsè iná, iná tí alternator (èyí tí íńjìnì ń yí tó ń pèsè iná ọkọ̀) bá fún un ló ń gbé pamọ́ díẹ̀ tó tún ń tú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tí wáyà bá tín-ín-rín tàbí tí earth (wáyà tó so áńpù mọ́ irin bọ́dì ọkọ̀) ò dáa, kò sóhun tó máa ṣe sí i.

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ohùn wíì yẹn, alternator ni, ìyẹn ló ṣe ń tẹ̀ lé íńjìnì. Ibi tó sábà máa ń gbà wọlé ni earth tí wọn ò dè dáadáa, tàbí kí wọ́n fa RCA (wáyà tó ń gbé ohùn láti rédíò lọ sí áńpù) àti wáyà bátìrì gba ẹ̀gbẹ́ kan náà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa rédíò, ẹ yọ RCA kúrò lára áńpù, kí ẹ wá ṣíná ọkọ̀ kí ẹ tan rédíò padà. Tí ohùn yẹn bá lọ, apá rédíò àti RCA ló ti ń bọ̀. Tó bá ṣì ń hu láìsí RCA lára ẹ̀, ìdí áńpù ni kẹ́ ẹ lọ wò, earth ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ wá mú mítà, ẹ yí i sí DC, ẹnu kan lórí earth áńpù, ẹnu kejì lórí nẹ́gétíìfù bátìrì, kí orin máa dún sókè. Tí ẹ bá rí 0.1V sísàlẹ̀, kò burú. Tó bá ti ń lọ sí 0.5V, earth yẹn ò dáa nìyẹn. Wáyà iná wo ni wọ́n lò, fíúsì ẹ̀gbẹ́ bátìrì ńkọ́?

Àkànní_Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun gan-an ni o. Mo ti ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù. Ìdí bóòtì síìtì ẹ̀yìn ló so earth mọ́, ọ̀dà ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò fá a. Láìsí RCA, ó ṣì ń hu. Mítà fún mi ní 0.7. Wáyà iná ò ju ìka ọwọ́ mi tó kéré jù lọ, tẹ́ ẹ bá sì yọ rọ́bà ẹ̀ kúrò wáyà inú ò tó nǹkan. Fíúsì wà lára áńpù, àmọ́ lọ́dọ̀ bátìrì mi ò rí nǹkan kan o, orí bátìrì ló ti gba inú ihò kan wọnú ọkọ̀.

Rìwáyà_Múṣin:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ yọ wáyà yẹn lórí bátìrì báyìí, kẹ́ ẹ tó ka ìyókù. Mi ò fi ṣeré.

Fíúsì ara áńpù, áńpù ló ń dáàbò bò. Fíúsì tẹ̀gbẹ́ bátìrì ni ti wáyà. Wáyà yín gbabẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù títí dé búùtù, ihò tó sì gbà wọlé yẹn, irin ni, tí wọn ò bá fi rọ́bà sí i, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, irin á máa gé ara wáyà díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ tó bá kan bọ́dì, gbogbo agbára bátìrì á gba ibẹ̀ kọjá, kò sóhun tó máa dá a dúró, iná ló máa sọ. Fíúsì yẹn ò gbọdọ̀ jìnnà sí bátìrì ju nǹkan bíi 45cm lọ. Ẹ ra wáyà 4 gauge (bí wáyà ṣe nípọn tó nìyẹn), fíúsì 80A tàbí 100A, kẹ́ ẹ sì fi rọ́bà sẹ́nu ihò yẹn.

Earth ńkọ́, ẹ wá ibi tí irin bọ́dì ti nípọn ní búùtù, ẹ fá ọ̀dà ẹ̀ títí irin á fi máa dán, ẹ fi bóòtì àti nọ́ọ̀tì dè é gbagidi, ẹ má lo síkúrúù lásán. Kẹ́ ẹ wá kun ọ̀dà lé e lórí kó má dógùn-ún.

Wáyà tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ fi abẹ fá orí ẹ̀. Tí inú ẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, wọ́n á sì tà á fún yín bíi bàbà. Kì í gbé iná tó bàbà gidi.

SísíSound_Ẹ̀gbá:
Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n Rìwáyà. Èmi ni mò ń tọ́jú sound ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ jẹ́ kí n bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ gángan yẹn, torí wáyà ò ní tún ìyẹn ṣe.

Gain, bọ́tìnnì tẹ́ ẹ ń yí lára áńpù yẹn, kì í ṣe fólúùmù o. Àwọn tó ń so ó kàn máa ń yí i dópin kí oníbàárà lè gbọ́ gbìì kó sanwó ni. Ẹ gbé bass boost wá sí òdo, EQ rédíò (ibi tẹ́ ẹ ti ń tún ohùn ṣe) náà, òdo. Áńpù ilẹ̀kùn, HPF (tó ń dí ohùn ìsàlẹ̀) ní 80Hz. Áńpù wúfà, LPF (tó ń dí ohùn òkè) ní 80Hz. Torí báyìí, sípíkà ilẹ̀kùn àti wúfà jọ ń jà sí gbúù kan náà ni, ohùn gángan tó wà lókè níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ á sì rì sábẹ́ ẹ̀.

Ẹ wá fi mítà ṣe gain. Wáàtì RMS áńpù (agbára tó lè máa gbé jáde láìdúró), ẹ fi ohm sípíkà sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá square root ẹ̀. Wúfà 400W lórí 4 ohm, 1600 nìyẹn, root ẹ̀ jẹ́ 40V. Ilẹ̀kùn 50W lórí 4 ohm, bíi 14V. Ẹ yọ wáyà sípíkà lára áńpù, mítà wà lórí AC, fólúùmù rédíò ní mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ lu tone 50Hz fún wúfà, 1000Hz fún ilẹ̀kùn, ẹ máa yí gain lọ́ra títí mítà á fi kan nọ́ńbà yẹn, ẹ dúró níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọjá ẹ̀, ohùn á máa gé lórí, twita ló kọ́kọ́ máa ń jó.

Ó tún ku ẹyọ kan. Ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5V, ẹ fi kan wáyà sípíkà kọ̀ọ̀kan, pọ́sítíìfù sí pọ́sítíìfù. Ojú sípíkà gbọ́dọ̀ yọ síta. Èyí tó bá wọnú, wọ́n so ó sódì ni, ó ń pa bass ti ẹnìkejì ẹ̀.

TópéBass:
Hmmm. Èmi ń lọ wo tèmi o.

Àkànní_Ìbàdàn:
Mo ti yọ orí bátìrì. Ẹ̀gbọ́n Rìwáyà, ṣé earth náà 4 gauge ni?

Rìwáyà_Múṣin:
Ìwọ̀n kan náà. Kó má gùn ju 45cm náà lọ. Tíná bá tún ń ṣẹ́jú lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn bátìrì pẹ̀lú íńjìnì lórí, ó yẹ kó wà láàárín 13.5V sí 14.5V, tí ò bá dé bẹ̀, alternator ló ń ṣàìsàn, ẹ padà wá síbí.