Newport dé Gloucester nínú bóòtì ara wa: èbúté àtijọ́ wo ni ká yà?

OmiLaWà:
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ìyàwó mi ní bóòtì onígbòkun kan, ẹsẹ̀ bàtà 32, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kékeré wà nínú ẹ̀, a ti ń lò ó láti bí ọdún mẹ́ta àmọ́ a ò tíì jáde kúrò ní Narragansett Bay rí, ìyẹn omi etí Newport ní Rhode Island, l'Amẹ́ríkà. Oṣù keje yìí la fẹ́ gbéra ní Newport, ká gba Cape Cod Canal, ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ la ilẹ̀ já, ká bá etíkun Massachusetts lọ títí dé Gloucester, ọjọ́ 10 péré la ní. Ìlú àtijọ́ ló ń wù wá, irú ibi tí èèyàn á ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, á fi dìńgì, ọkọ̀ kékeré tó ń tẹ̀ lé bóòtì, wọ̀lú, á wá máa rìn láàrin àwọn ilé tó ti wà láti ayé ọkọ̀ onígbòkun. Mo ti kọ Nantucket, Marblehead, Salem àti Gloucester sílẹ̀. Ẹnì kan ní kí n fo New Bedford, ó ní ọkọ̀ apẹja ló kún ibẹ̀, kò sí nǹkan tá a fẹ́ wò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kánààlì yẹn náà ń bà mí lẹ́rù díẹ̀, ẹni tó bá ti gbà á rí kó jọ̀ọ́ sọ bó ṣe rí.

BàbáÌdákọ̀ró:
Àbúrò, ẹ kú ìmúra ìrìn. Kánààlì yẹn fúnra ẹ̀ ò le, ó tọ́, ó fẹ̀, láti 1914 ni wọ́n ti ń gbà á, omi inú ẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní Cape Cod Bay, lẹ́nu ẹ̀ ní ìlà-oòrùn, omi máa ń kún tó bí ẹsẹ̀ bàtà 9, ní Buzzards Bay, lẹ́nu ẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, kò ju bí 4 lọ, wọn kì í sì í kún lásìkò kan náà, ìyẹn ni omi ṣe máa ń sáré láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, tó bá sì tó bíi wákàtí mẹ́fà á yí padà. Ìṣàn yẹn lè tó knot 5, ìyẹn máìlì òkun márùn-ún ní wákàtí kan. Bóòtì yín á máa sá tó 6 lórí ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣírò ẹ̀ wò.

Mo kọjú sí ìṣàn yẹn lẹ́ẹ̀kan nítorí mo ń kánjú. Ẹ́ńjìnnì ń ké, omi ń ru nídìí ọkọ̀, ọkùnrin kan jókòó létí òkúta ó ń fi ìwọ̀ pẹja, mo wò ó títí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà ọkùnrin yẹn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Látìgbà yẹn mi ò ṣe é mọ́.

Wọn ò gbà kí ẹ fi ìgbòkun nìkan kọjá níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ju ìdákọ̀ró sínú ẹ̀. Ẹ tan rédíò VHF, èyí tí àwọn ọkọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, sí ìkànnì 13, àwọn ẹnjiníà ológun Amẹ́ríkà ló ń darí ọkọ̀ níbẹ̀. Ẹ sùn sí èbúté Onset ní ẹnu ìwọ̀-oòrùn kánààlì kí ẹ dúró de omi. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra jù, torí tí ìṣàn bá ń jáde sí Buzzards Bay tí atẹ́gùn gúúsù ìwọ̀-oòrùn ọ̀sán sì kọjú sí i, ìgbì ibẹ̀ máa ń ga, á sì sún mọ́ra wọn, á máa lu ọkọ̀ ṣáá ni.

ÌyáOnígbòkun:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti omi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti New Bedford torí ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ta ló ní kí ẹ fò ó? Ọkọ̀ apẹja kún ibẹ̀ lóòótọ́, èbúté tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn kùn lọ́dà fún àlejò. Ògiri òkúta ńlá ni wọ́n fi dí ìjì lọ́nà lẹ́nu ẹ̀, 1966 ni wọ́n parí ẹ̀, àlàfo kan lẹ máa gbà wọlé, tẹ́ ẹ bá sì ti wọlé báyìí omi á pa lọ́lọ́.

Kí ẹ wá gòkè lọ sí ilé ìkàwé ìlú, ẹ máa rí ère Lewis Temple níbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ aláwọ̀ dúdú ni. Láyé ìgbà yẹn àbùùbùtán ni gbogbo ìlú ń pa, òróró ẹ̀ ni wọ́n fi ń tan iná, ṣùgbọ́n irin tí wọ́n ń jù lù ú máa ń yọ tó bá ti fà á lágbára. Ní 1848 Temple rọ irin kan tí orí ẹ̀ máa ń yí dábùú tó bá ti wọnú ẹran, bí bọ́tìnnì ṣe ń há sí ojú ihò ẹ̀, kò yọ mọ́. Kò forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba pé òun lòun ṣe é, làwọn alágbẹ̀dẹ tó kù bá ń rọ ọ́ tà, ó kú ní 1854 láìjẹ èrè gidi kan níbẹ̀. Mo rí irin yẹn ní mùsíọ́mù, mo dúró tì í pẹ́.

Frederick Douglass náà, tó sá kúrò lóko ẹrú ní Maryland, New Bedford ló fìdí kalẹ̀ sí ní 1838, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ Douglass. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń dí ojú pákó ọkọ̀ kí omi má wọlé, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun ní àwọn ò ní bá a ṣiṣẹ́, ló bá ń la igi, ó ń kó èédú. Ilé tí òun àti ìyàwó ẹ̀ kọ́kọ́ dé sí ṣì wà lórí ìdúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo ọjọ́ méjì níbẹ̀.

Ṣọ́nàOmi:
Mo fara mọ́ Ìyá. Ọjọ́ 10 ò tó fún gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn o, tẹ́ ẹ bá yà sí Nantucket, erékùṣù tó wà lójú òkun, ẹ ò ní gbádùn àwọn ìlú apá àríwá. Kùrukùru náà wà ńbẹ̀, atẹ́gùn olóoru á fẹ́ kọjá lórí omi tútù, kí ẹ tó ṣẹ́jú ẹ ò ní rí iwájú ọkọ̀ yín. Tó bá bá yín lórí ìgbòkun, ẹ fọn fèrè gígùn kan àti kúkurú méjì ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ẹ fọn gígùn kan. Ẹ tún ṣọ́ àwọn bọ́ì aláràbarà tó ń léfòó lórí omi, tí àwọn tó ń pa lobster (edé ńlá) so mọ́ pàkúté wọn. Okùn ọ̀kan wé abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀ mi nítòsí Marblehead, mo wọ inú omi yẹn fúnra mi lọ tú u, òtútù ẹ̀ mú mi dé eegun, mo tú u díẹ̀díẹ̀ torí mi ò fẹ́ gé e, oúnjẹ ẹlòmíì ló wà ní ìdí ẹ̀. Ẹ má sì da omi ṣáláńgá sókun, wọ́n fòfin dè é ní gbogbo etíkun Massachusetts.

OmiLaWà:
Ẹ ṣeun gan-an ni. A ti yọ Nantucket kúrò, New Bedford ti gba òru méjì, ìyàwó mi ní ilé ìkàwé yẹn la máa kọ́kọ́ lọ. Bàbá, tá a bá sùn sí Onset, ìgbà wo gan-an ká wọ kánààlì?

BàbáÌdákọ̀ró:
Ẹ wo tábìlì ìṣàn omi ọjọ́ yẹn, ẹ wá ìgbà tó yí sí ìlà-oòrùn, tó bá ti tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ẹ̀ kí ẹ wọlé. Kò ní tó wákàtí méjì, ẹ ti bọ́ sí Cape Cod Bay.