Omi aloe vera tí wọ́n tà fún màmá mi l'Ọ́yọ̀ọ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ohun tí ẹ ń sọ nípa mímu omi aloe vera kí ìgbẹ́ lè yá, mo sì fẹ́ dá tèmi sí i, torí ọ̀pọ̀ yín ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé oríṣi kan ṣoṣo ló wà.

Ìtòsí ọjà Akẹ̀sán ni màmá mi ń gbé. Ìgbẹ́ kì í tètè yá wọn. Ẹnì kan tó ń kiri oògùn ta omi aloe vera inú ike lásán fún wọn: kò lórúkọ, kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ó sì korò bíi jogbo. Wọ́n ṣu lóòótọ́, àmọ́ kò dá mọ́. Inú ń lọ́ wọn, ó sì rẹ̀ wọ́n débi pé dídìde gan-an di iṣẹ́.

Nígbà tá a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé, “Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń múni tọ̀?” Wọ́n ń lò ó. Ó wá ṣàlàyé fún wa. Inú ewé aloe vera ni ohun tó mọ́ gaara tó ń yọ̀ wà, àmọ́ oje aláwọ̀ ìyeyè wà lábẹ́ èèpo rẹ̀. Oje yìí ló ní aloin, òun ló ń lé ìfun kó lè yàgbẹ́. Bí èèyàn bá ń ṣu omi ṣáá, pọtásíọ́mù ń bá a lọ, oògùn ìtọ̀ náà sì ń kó o jáde. Bẹ́ẹ̀, pọtásíọ́mù yìí jẹ́ èròjà tí iṣan àti ọkàn fi ń ṣiṣẹ́.

Mo lọ kà á sí i. Lọ́dún 2002, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n yọ aloe kúrò nínú oògùn ìyàgbẹ́ tí wọ́n ń tà láìsí ìwé dókítà. IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, náà ka omi odidi ewé mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ, torí àwọn eku tó mu èyí tí wọn ò sẹ́ aloin rẹ̀ kúrò fún ọdún méjì ní kókó nínú ìfun ńlá.

Èyí tí mo lè rà báyìí ni èyí tí wọ́n kọ “inner leaf” (inú ewé nìkan) sí lára, tàbí “decolorized” (èyí tí wọ́n ti sẹ́ aloin rẹ̀ kúrò) bó bá jẹ́ odidi ewé, tí aloin rẹ̀ kò sì tó 10 ppm (ìdá mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù kan), ìwọ̀n tí International Aloe Science Council, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣòwò aloe, fi lélẹ̀ fún mímu. Mo máa ń yẹ nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ wò nínú Greenbook, àkọsílẹ̀ àwọn ọjà tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. (Nọ́ńbà yẹn ò sọ pé ó ń wo àrùn o!) Ẹ̀yin tí ẹ ń gé e nílé, ẹ gbé ewé náà nàró kí oje rẹ̀ ro, kí ẹ bó o nípọn, kí ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fojú wọn aloin tó ṣẹ́ kù.

Màmá ò mu ún mọ́ ní tiwọn, torí oògùn wọn. Ìbẹ́pẹ, ẹ̀fọ́ àti omi púpọ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú inú. Aboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹni tó ń lo digoxin (oògùn ọkàn) tàbí oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi apòògùn.

Ta ló ti rí èyí tí wọ́n kọ iye aloin sí lára ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́? Ẹ bá wa sọ ibi tí ẹ ti rà á.