Ọ̀nà mọ́tò kọnkéré lórí òkè etí òkun: kí la máa ṣe tí kò fi ní sán?

Àdùnní Ìkọ́lé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Ilé kan là ń bójú tó ní Freetown, lórí òkè Juba tó kọjú sí Lumley, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ wọlé tààrà. Ilé ti parí, ọ̀nà tí mọ́tò máa gbà láti títì wọ inú ọgbà ló kù. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 18, ó fẹ̀ ní mítà 3.2, ilé sì fi mítà 3.2 ga ju títì lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti gbẹ́ ara òkè wọlé, yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n kó dà sọ́wọ́ òsì. Ilẹ̀ pupa ni, òkúta dúdú wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Láti oṣù keje títí wọ oṣù kẹsàn-án ni omi ń sun jáde lára ibi tí wọ́n gbẹ́ yẹn.

Nínú àwọn ọ̀nà tó wà ládùúgbò, òmíràn là lóròó láàárín gbùngbùn, òmíràn ti rì lápá kan, òmíràn sì ń yọ̀ débi pé táyà ń yí lójú kan. Bírikìlà wa ní ká da kọnkéré ínǹṣì mẹ́rin lé ilẹ̀, ká tẹ́ BRC, ìyẹn nẹ́ẹ̀tì irin, sí i, ó parí. Iyanrìn etí òkun ló fẹ́ lò. Ṣé ìyẹn tó? Kí ni kí n ní kó ṣe, kí sì ni ká rà?

Ẹnjiníà Akin

Àǹtí, ó dáa bí ẹ ṣe kọ gbogbo ìwọ̀n yẹn síbẹ̀. Ínǹṣì mẹ́rin kò tó fún ibẹ̀, àmọ́ omi tó ń sun yẹn ni ká kọ́kọ́ yanjú. Òjò Freetown lé ní mìlímítà 2,500 lọ́dún, oṣù keje àti ìkẹjọ ló sì ń pọ̀ jù. Omi òjò ń wọ inú ilẹ̀ pupa lọ, tó bá dé orí òkúta kò ríbi wọ̀ mọ́, ó wá ń tọ orí òkúta náà bọ̀ títí á fi yọ síbi tí wọ́n gbẹ́. Tẹ́ ẹ bá da kọnkéré dí i lójú, abẹ́ kọnkéré ló máa gbà. Yóò máa ru yẹ̀pẹ̀ kíkúnná lọ díẹ̀díẹ̀, abẹ́ á ṣófo láìsí ẹni tó rí i. Ọjọ́ tí mọ́tò bá gun ibi tó ṣófo yẹn, ó sán nìyẹn. Bó nípọn, bó fẹ́lẹ́, kò sí kọnkéré tó lè dúró lórí òfìfo.

Nítorí náà, kòtò omi ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ gbẹ́ ẹ sọ́wọ́ ọ̀tún, nídìí ibi tí wọ́n gbẹ́ gan-an, láti òkè dé títì. Kó jìn ní mìlímítà 600, kó fẹ̀ ní 300. Tẹ́ ẹ bá kan òkúta kó tó jìn tó bẹ́ẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀, torí orí òkúta yẹn ni omi ń tọ̀. Ẹ tẹ́ geotextile, aṣọ tó ń jẹ́ kí omi kọjá àmọ́ tí kì í jẹ́ kí ẹrẹ̀ kọjá, sínú kòtò, kí etí rẹ̀ yọ síta lọ́tùn-ún lósì. Ẹ da òkúta tó mọ́, tí kò ní eruku, sí ìsàlẹ̀ ní mìlímítà 50. Ẹ gbé páìpù PVC ínǹṣì mẹ́rin tí wọ́n ti lu lé e, kí ojú ihò rẹ̀ kọ sísàlẹ̀, kí omi tó ń ga bọ̀ láti ìsàlẹ̀ lè tètè wọlé. Ẹ fi òkúta kún un, kẹ́ ẹ wá ṣẹ́ aṣọ náà bò ó lórí. Tí kò bá sí aṣọ yẹn, ẹrẹ̀ á dí òkúta láàárín òjò mélòó kan. Òkúta tí kòtò náà máa gbà jẹ́ mítà onígun 3.2. Kí ẹnu páìpù yọ síta níbi tójú ti lè rí i, sínú gọ́tà títì, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí i kí eku má baà kọ́lé síbẹ̀. Bí òjò bá dáwọ́ dúró tí omi ṣì ń ṣàn lẹ́nu páìpù, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀nà tó là lóròó láàárín tẹ́ ẹ sọ yẹn ní ìdí tirẹ̀. Ìdajì rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ àdáyébá tí kì í mira, ìdajì kejì wà lórí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kàn dà sílẹ̀. Tí òjò bá lu yẹ̀pẹ̀ yẹn, ó ń rì. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni kọnkéré ti ń ṣẹ́. Ẹ má gbójú fo ọwọ́ òsì yín o. Ẹ kó yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà síbẹ̀ kúrò títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ líle, kẹ́ ẹ gé ilẹ̀ líle náà ní ìpele ìpele, torí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà lé ojú gẹ̀rẹ́ á yọ̀ lọ. Ẹ wá dá yẹ̀pẹ̀ pupa padà, mìlímítà 150 lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ fi kọ̀mpákítọ̀, ẹ̀rọ tó ń tẹ ilẹ̀ kó le, kì í kẹ́ ẹ tó da òmíràn lé e. Tí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kó dúró ní ẹyọ kan, kó má tú, kó má sì mú ọwọ́ tutù. Ìwọ̀n omi tó yẹ ẹ́ nìyẹn. Bí etí òsì bá ga ju mítà kan lọ, ó gba ògiri tó máa gbé e ró, tó ní ihò omi ínǹṣì mẹ́ta ní mítà 1.5 sí ara wọn.

Lórí gbogbo rẹ̀, òkúta fífọ́ tó ní eruku nínú, mìlímítà 150 lẹ́yìn kíkì. Ẹ ra mítà onígun 11, torí kíkì máa dín in kù. Kọnkéré mìlímítà 150 ló máa wá sórí ìyẹn.

Ohun mìíràn tí bírikìlà kì í sábà rò ni ikùn mọ́tò. Gíga mítà 3.2 láàárín mítà 18 jẹ́ nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Tẹ́ ẹ bá fà á tààrà láti títì dé òkè, imú mọ́tò á ha ilẹ̀ nísàlẹ̀, ikùn rẹ̀ á gbé lókè. Ẹ jẹ́ kí mítà 2.5 ti ìsàlẹ̀ àti mítà 2.5 ti òkè rọ̀, ní nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kí mítà 13 tó wà láàárín gùn ní bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún.

Báyọ̀ Bírikìlà

Ọ̀gá Akin ti sọ ti abẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti òkè.

Ẹ má da mítà 18 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in sí ojú mẹ́fà, mítà 3 sí 3.2 lójú kan, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà lóròó àti níbùú. Ojú tó bá gùn jù yóò fúnra rẹ̀ wá ibi tó máa ti sán. Ẹ da ojú kìíní ní ìsàlẹ̀, ẹ fo ìkejì, ẹ da ìkẹta àti ìkarùn-ún. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ padà da ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Nínú ojú kọ̀ọ̀kan, ìsàlẹ̀ lẹ ó ti máa dà á gòkè, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ lè gbé tòkè ró. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lókè, gbogbo rẹ̀ á máa fà wálẹ̀, ẹ ó sì rí ìlà ya-ya-ya lójú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ìpo rẹ̀ ni 1:1.5:3. Ẹ má fi ṣọ́bìrì wọ̀n ọ́n. Ẹ kan àpótí kan, sẹ̀ǹtímítà 40 sí 35, kó jìn ní 25. Ohun tó gbà ṣe déédéé àpò sìmẹ́ǹtì kan. Àpò kan, àpótí iyanrìn kan àti ààbọ̀, àpótí òkúta mẹ́ta. Omi kò gbọdọ̀ ju lítà 22 lọ fún àpò kan, tí iyanrìn bá sì tutù, ó ti gbé bíi lítà 3 tàbí 4 wá fúnra rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. Kí slump rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń rì sílẹ̀ tí wọ́n bá yọ kọ́ọ̀nù ìdánwò kúrò lára rẹ̀, má ju mìlímítà 50 lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á kùn pé ó le láti fà, wọ́n á fẹ́ bu omi sí i. Ẹ má gbà. Omi tí wọ́n bá bù sí i kẹ́yìn ló ń mú kí orí kọnkéré di eruku, òun náà ló sì ń jẹ́ kó máa ṣàn wálẹ̀ lórí òkè. Fàíbùrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbọn kọnkéré kó lè kì, ni kẹ́ ẹ fi ràn án lọ́wọ́.

Ojú kan máa gba àpò 12. Ẹ fi ẹsẹ̀ bíìmù mẹ́ta kún un, ọ̀kan nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nítòsí òkè. Mìlímítà 300 sí 300 ni kí wọ́n wọlẹ̀ lábẹ́ kọnkéré, ní gbogbo ìbú ọ̀nà. Àwọn ni kò ní jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa sún lọ sí títì. Lápapọ̀, pẹ̀lú èyí tó máa dànù, ó jẹ́ mítà onígun 10: sìmẹ́ǹtì àpò 80, iyanrìn mítà onígun 4.2, òkúta 8.4. Tẹ́ ẹ bá rí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n kọ 42.5, ìwọ̀n agbára rẹ̀, sára àpò, òun ni kẹ́ ẹ rà.

Irin mìlímítà 10 ni mo fara mọ́ ju BRC tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, ní mìlímítà 200 sí ara wọn, lóròó àti níbùú. Ẹ gé ti òró ní mítà 2.9, ẹ gé ti ìbú ní mítà 3. Irin gígùn 47 máa tó, ìdànù rẹ̀ ò sì ní pọ̀. Ẹ fi bísíkíìtì kọnkéré tó ga ní mìlímítà 80 gbé e sókè, kó ku nǹkan bí 50 sí ojú òkè. Tí wọ́n bá tẹ́ irin sílẹ̀ tí wọ́n ní àwọn á máa fi ìkọ́ fà á sókè bí wọ́n ṣe ń dà á, inú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ ló máa wà. Kí irin yìí má la jọ́ìntì, ìyẹn ibi tí ojú méjì ti pàdé, kọjá. Irin ìsopọ̀ ló ń la ibẹ̀ kọjá: irin dídán mìlímítà 16, gígùn 400, mẹ́wàá ní jọ́ìntì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kun gbogbo rẹ̀ ní bítúmẹ́ẹ̀nì, kẹ́ ẹ fi gíríìsì sí ìdajì rẹ̀ kó lè máa yọ̀ wọlé yọ̀ jáde. Kó sì bá ojú gẹ̀rẹ́ náà dọ́gba. Bí ọ̀kan bá wọ́, ó máa fa igun kọnkéré ya.

Ọmọ Ìdànrè

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kò dárúkọ ọ̀rá. Ṣé kò yẹ kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ kọnkéré bí a ṣe ń tẹ́ ẹ sábẹ́ ilẹ̀ yàrá, kí omi má baà gòkè? Ṣé intalọ́ọ̀kì kò sì ní yá ju gbogbo èyí lọ?

Ẹnjiníà Akin

Àbúrò, inú yàrá la ti ń dáàbò bo kápẹ́ẹ̀tì àti ògiri lọ́wọ́ omi ilẹ̀. Níta, kò sí ohun tí omi máa bàjẹ́ lókè kọnkéré. Ohun tí ọ̀rá máa ṣe lórí ìdá 21 ni pé ó máa yọ̀ lábẹ́ kọnkéré, gbogbo ìwúwo á wá bọ́ sórí ẹsẹ̀ bíìmù nìkan. Kí wọ́n wọ́n omi sí òkúta abẹ́ kó tutù, kí omi má dúró lórí rẹ̀, kí wọ́n wá dà á.

Intalọ́ọ̀kì dáa níbi tó tẹ́jú. Lórí gẹ̀rẹ́ báyìí, tí táyà bá ń ti í lójoojúmọ́ tí òjò sì ń fọ iyanrìn abẹ́ rẹ̀ lọ, á máa rìn wálẹ̀ ni.

Àdùnní Ìkọ́lé

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Kí ló burú nínú iyanrìn òkun, tí iyanrìn odò bá sì ṣòro rí ńkọ́? Oṣù wo ni kí a bẹ̀rẹ̀? Báwo la ṣe máa ṣe ojú rẹ̀ tí kò fi ní máa yọ̀? Bírikìlà wa tún fẹ́ gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún wọlé sí i kí ọ̀nà lè fẹ̀.

Ẹnjiníà Akin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gbẹ́ ẹ sí i láìjẹ́ pé ẹnjiníà tó mọ̀ nípa ilẹ̀ ti dúró níbẹ̀ wò ó. Ìdí òkè tí omi ń sun lára rẹ̀ ló ń gbé òkè ró. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Regent, nítòsí Freetown, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, tí òkè ya lulẹ̀ lẹ́yìn òjò ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí àwọn tó kú àti àwọn tí wọn ò rí mọ́ lé ní 1,000. Mítà 3.2 tó mọ́tò.

Ní ti àsìkò, ẹ dé ibẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, kẹ́ ẹ ri èèkàn mọ́ gbogbo ojú ibi tí omi ti ń sun, torí tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé ẹ ò ní rí i mọ́. Oṣù kọkànlá, ẹ gbẹ́ kòtò, ẹ kì ilẹ̀. Oṣù kejìlá sí ìkejì, ẹ da kọnkéré.

Báyọ̀ Bírikìlà

Iyọ̀ inú iyanrìn òkun ló ń jẹ irin. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, wíwú yẹn ló ń ti kọnkéré tí orí rẹ̀ fi ń ṣí bí èèpo. Kíkó iyanrìn yẹn sì ń jẹ́ kí òkun máa jẹ etíkun Lakka, Hamilton àti John Obey. Òkúta dúdú Freetown le dáadáa. Ẹ ra eruku òkúta níbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ, kẹ́ ẹ jọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ iyanrìn odò ìwọ̀nba tẹ́ ẹ bá rí. Bó bá di dandan pé iyanrìn òkun lẹ máa lò, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́ léraléra, kẹ́ ẹ sì yọ irin mìlímítà 10 yẹn kúrò pátápátá. Kó má yà yín lẹ́nu. Kọnkéré mìlímítà 150 tó ní jọ́ìntì ní mítà 3-3 lè gbé mọ́tò láìsí irin tí abẹ́ rẹ̀ bá le. Kí sísán má fẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ irin níbẹ̀. Kọnkéré tí kò nírin sàn ju èyí tí irin rẹ̀ ń jẹrà nínú lọ.

Ní ti ojú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi irin dán an, kó má sì wọ́n sìmẹ́ǹtì gbígbẹ sí i lórí. Ìyẹn ló ń bó, òun náà ló sì ń yọ̀. Ẹ fi pákó tẹ́ ẹ, tí omi orí rẹ̀ bá gbẹ, kẹ́ ẹ fa ìlà tó jìn ní mìlímítà 10, ní 40 sí ara wọn. Ẹ má fà á níbùú tààrà. Kó dagun sápá kòtò omi ọwọ́ ọ̀tún, kí omi lè tọ̀ ọ́ jáde. Ọ̀nà náà gan-an ní láti dẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò náà ní sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kan.

Atẹ́gùn ọyẹ́ inú oṣù kejìlá àti kìíní máa ń yára gba omi ara kọnkéré, omi tẹ́ ẹ bá sì wọ́n sí i lórí gẹ̀rẹ́ kì í dúró. Àpò tó tutù lẹ máa fi bò ó, kẹ́ ẹ da ọ̀rá bo àpò, kẹ́ ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀. Ọjọ́ 7 ó kéré tán, ẹ máa rẹ àpò náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Mọ́tò kékeré lè gùn ún lẹ́yìn ọjọ́ 14, kí tírélà tó ń kó omi tàbí òkúta dúró di ọjọ́ 28. Ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù sórí rẹ̀ níbi òjìji igi, bílíìṣì kan sí omi mẹ́wàá àti búrọ́ọ̀ṣì líle ló ń ṣí i, kí òjò oṣù kẹfà tó le.